Bí Awabàálù Bá Ní Ojú Ọjọ́ Kò Dára, Kí Olóyè Sọ̀kalẹ̀

Láti oṣù kọkànlá ọdún títí di oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ ni ó máa ń mọ́ ní Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, tí ẹni tí ó dúró ní etí Odò Ọya kò ní rí ìdajì Afárá Kennedy tí ó la odò náà kọjá. Ọyẹ́ ni. Kì í ṣe ọyẹ́ tí ń la ètè àti gìgísẹ̀ ènìyàn nìkan, bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọyẹ́ tí ó gbé eruku aṣálẹ̀ lọ́wọ́ ni, tí ó sì ń dà á bo ilé, ọjà, mọ́sálásí àti pápá ọkọ̀ òfurufú. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń ṣòwò níbẹ̀ mọ̀ pé ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, oníṣòwò lè pàtẹ ọjà rẹ̀, awakọ̀ ilẹ̀ sì lè tan iná mọ́tò rẹ̀ kí ó máa rọra lọ. Ẹni tí kò lè rọra lọ ni ẹni tí ó wà lójú òfurufú. Bàálù kì í dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ tí ìwé ìròyìn yìí fẹ́ mú wá síwájú àwọn òǹkàwé lónìí ni ti àwọn bàálù kéékèèké àti hẹlikọ́pítà tí ń já lulẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá ṣú, ní àkókò ọyẹ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà, àti ní àkókò òtútù ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun. Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ó kan àwọn ọlọ́lá àti àwọn olóṣèlú jù, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn náà sì ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ń wúwo létí awakọ̀. Kò yẹ kí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ òṣèlú fi ọ̀rọ̀ yìí sábẹ́ ahọ́n nítorí pé ó kan àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú.

Níbo ni eruku náà ti ń wá? Ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad, ilẹ̀ kòtò ńlá kan wà tí a ń pè ní Bodélé. Ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, abẹ́ omi ni ilẹ̀ náà wà, nítorí pé Adágún Chad ti ìgbà náà tóbi ju ti òde òní lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Nígbà tí omi gbẹ, ohun tí ó kù sílẹ̀ ni ẹ̀tù funfun lẹ́búlẹ́bú, èyí tí ó jẹ́ èèpo àwọn ohun abẹ̀mí inú omi tí wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Òkè Tibesti wà ní apá kan, òkè Ennedi wà ní apá kejì. Àárín àwọn méjèèjì ni afẹ́fẹ́ ń gbà tú jáde bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ bá ń fín ẹwìrì. Ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú náà sókè, ó ń gbé e lọ sí Niger, Nàìjíríà àti Benin títí dé etí òkun, apá kan nínú rẹ̀ a sì máa rékọjá òkun dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ láti Amẹ́ríkà gbé àwọn ẹ̀rọ ìwọ̀n wọn kalẹ̀ sí pápá ọkọ̀ òfurufú Niamey fún odindi ọdún kan. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ìjì eruku ńlá kan jà, wọ́n sì wọ̀n ọ́n láti orí ilẹ̀ àti láti ojú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, kò sí ìjọba kan tí ó lè sọ pé òun kò mọ ọ̀nà tí ọ̀tá yìí ń gbà wọlé.

Eruku yìí burú ju kùrukùru òwúrọ̀ lọ. Kùrukùru a máa ká kúrò nílẹ̀ bí oòrùn bá ti mú. Eruku lè wà lójú òfurufú fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó sì ní ẹ̀tàn kan nínú. Awabàálù tí ó wà ní òkè pápá gangan lè wo ìsàlẹ̀ kí ó sì rí ojú ọ̀nà ìbàlẹ̀ kedere, nítorí pé eruku tí ó wà láàárín òun àti ilẹ̀ kò nípọn púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá lọ yí padà ní ọ̀nà jíjìn láti wá bà sórí rẹ̀, tí ó wá ń wo iwájú ní ìdagẹ̀rẹ̀, eruku tí ojú rẹ̀ ní láti là kọjá ti di ìlọ́po lọ́nà púpọ̀, ọ̀nà ìbàlẹ̀ tí ó rí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn yóò sì pòórá. Ní aṣálẹ̀ ńkọ́? Àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ ojú ọ̀run a di ọ̀kan náà, kò sì ní sí ìlà kankan tí yóò fi han awakọ̀ pé ibi báyìí ni ilẹ̀ parí sí.

Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà ni awakọ̀ bàálù kékeré fi ń ṣọ́ orí ara rẹ̀ àti orí àwọn tí ó gbé. Àwọn pápá ńlá, bíi ti Kano àti ti Èkó, ní ẹ̀rọ tí ń rán àmì sókè láti tọ́ bàálù wálẹ̀. Bàálù ńlá tí ó ní ẹ̀rọ tí ó bá a mu lè tẹ̀ lé àmì náà títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó kanlẹ̀, bí ojú bá ti lè ríran tó nǹkan bí 800 mítà. Hẹlikọ́pítà àti bàálù kékeré púpọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn pápá tí wọ́n ń bà sí kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Òfin tí wọ́n fi ń fò ni pé kí awakọ̀ máa fi ojú ara rẹ̀ wo ilẹ̀ àti òkè, ohun tí òfin àgbáyé sì là sílẹ̀ fún irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ ní gbogbogbòò ni pé kí ojú lè ríran tó 5 kìlómítà.

Nígbà tí ojú kò bá rí nǹkan mọ́, etí ni ara ń gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí pé inú etí ni Ẹlẹ́dàá fi ohun tí ń jẹ́ kí ènìyàn lè dúró ṣánṣán sí. Lórí ilẹ̀, etí kì í sábà purọ́. Lójú òfurufú, irọ́ ni ó máa ń pa. Bàálù lè máa tẹ̀ sí apá kan díẹ̀díẹ̀ kí awakọ̀ sì rò pé ó dúró déédéé. Nígbà tí ó bá tún un ṣe, ara yóò tún sọ fún un pé ó ti tẹ̀ sí apá kejì. Báyìí ni yóò máa yí po, tí yóò sì máa já bọ̀. Ní ọdún 1954, Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà dán ọ̀rọ̀ náà wò pẹ̀lú awabàálù 20 tí wọn kò tíì mọ bí a ti ń fi ẹ̀rọ nìkan fò. Wọ́n dí ojú wọn sí ìta, bí ẹni pé wọ́n ti wọ inú ìkúùkù. Gbogbo àwọn ogún náà ni bàálù bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Bí a bá pín àkókò tí ó gbà wọ́n dọ́gba, ó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 178, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tí ń jẹ ẹ̀kọ lówùúrọ̀ kò ní tíì ṣí ewé kejì.

Ìtàn náà ti pẹ́ nínú aṣálẹ̀ yìí. Ní oṣù kejì ọdún 1920, nígbà tí ìjọba Faransé ń wá ọ̀nà láti fi bàálù la Sàhárà kọjá fún ìgbà àkọ́kọ́, bàálù méjì gbéra ní Tamanrasset, wọ́n kọrí sí ìhà Odò Ọya. Ọ̀gágun Laperrine, ẹni tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú aṣálẹ̀ náà tí ó sì mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ Faransé lọ, jókòó nínú ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí èrò. Afẹ́fẹ́ àti eruku pín àwọn bàálù méjèèjì níyà. Èyí tí Vuillemin ń wà rí ọ̀nà jáde. Èyí tí ó gbé Laperrine ṣìnà títí epo rẹ̀ fi ń tán lọ, ó sì dojú dé nínú iyanrìn. Ọ̀gágun náà fara pa, ó sì kú ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta. Awakọ̀ àti atẹ́rọṣe rẹ̀ wà níbẹ̀ títí àwọn ọmọ ogun oníràkúnmí fi rí wọn. Ìmọ̀ aṣálẹ̀ tí Laperrine ní kò ràn án lọ́wọ́, nítorí pé ojú ilẹ̀ ni ó mọ̀, kò sì rí ilẹ̀.

Ìjàǹbá tí ó súnmọ́ Niamey jù lọ nínú ìròyìn yìí ṣẹlẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1986. Àwọn òǹkàwé tí ọjọ́ orí wọn ti gòkè díẹ̀ yóò rántí eré ìje mọ́tò àti alùpùpù tí a ń pè ní Paris-Dakar, tí ó ń gba inú aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Senegal. Thierry Sabine, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó dá a sílẹ̀ ní òpin ọdún 1978, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti sọnù pẹ̀lú alùpùpù rẹ̀ nínú aṣálẹ̀ Libya ní ọdún 1977. Ní 1986 yìí, ìje náà ti gba Niamey kọjá, ó sì ti wọ ilẹ̀ Mali. Daniel Balavoine, olórin tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ilẹ̀ Faransé, wà ní Mali nígbà náà, kì í ṣe láti sáré, bí kò ṣe nítorí ẹ̀rọ ìfami tí wọ́n fẹ́ fi ta àwọn abúlé tí ọ̀dá omi ń pa lọ́rẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 14 oṣù náà, Sabine àti Balavoine wọ hẹlikọ́pítà pẹ̀lú oníròyìn obìnrin kan, onímọ̀ ẹ̀rọ rédíò kan, àti François-Xavier Bagnoud, awakọ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 24. Eruku ń jà, ilẹ̀ sì ń ṣú. Wọ́n bà sílẹ̀ nínú aṣálẹ̀. Sabine dá ọ̀kan nínú àwọn tí ń sáré ìje dúró, ó ní kí ó sọ fún àwọn tí ó wà ní ibùdó pé kí wọ́n fi mọ́tò ránṣẹ́ wá gbé àwọn. Bí ó bá ṣe pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà mọ, ohun tí ìwé ìròyìn ìbá kọ lọ́jọ́ kejì kò ní ju pé ọ̀gá eré ìje pẹ́ nínú iyanrìn lálẹ́ àná. Ṣùgbọ́n hẹlikọ́pítà náà tún gbéra. Agogo méje alẹ́ ti lù, kò sì tíì tó ààbọ̀, nígbà tí ó kọlu òkìtì iyanrìn ní ìtòsí Gourma-Rharous. Àwọn márààrún ni ó kú.

Ìpinnu rere ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n ti rí i pé ojú ọjọ́ kò gbà, wọ́n ti sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti ránṣẹ́. Ohun tí ó pa wọ́n ni pé wọn kò lè dúró lórí ìpinnu náà fún wákàtí díẹ̀. Ẹni tí ó ń darí ọgọ́rùn-ún ọ̀nà mọ́tò kò lè fara da kí òun dúró sójú kan.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé òṣì Áfíríkà àti àìsí ẹ̀rọ ni ó ń fa irú èyí, kí ó wo Amẹ́ríkà. Ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2024, Herbert Wigwe, ọ̀gá àgbà Access Holdings tí ó ni Access Bank, wọ hẹlikọ́pítà ní Palm Springs ní ìpínlẹ̀ California. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Abímbọ́lá Ògúnbánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ó ti ṣe alága ọjà ìpín ìdókòwò ti Nàìjíríà. Baba rẹ̀, Olóyè Chris Ògúnbánjọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni. Boulder City ní Nevada, ní ẹ̀gbẹ́ Las Vegas, ni wọ́n ń lọ, kí wọ́n lè wo ìdíje bọ́ọ̀lù ńlá ti Amẹ́ríkà lọ́jọ́ Àìkú. Òjò àti yìnyín ń bọ́ papọ̀ lórí aṣálẹ̀ Mojave, òṣùpá kò sì sí lójú ọ̀run. Awakọ̀ méjì ni ó wà nínú ọkọ̀ náà. Kò sí ẹni tí ó là nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Àjọ tí ń ṣèwádìí ìjàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà sọ lẹ́yìn ìwádìí rẹ̀ pé awakọ̀ tí ó yẹ kí ó máa fi ojú fò tẹ̀ síwájú wọ inú ojú ọjọ́ tí ojú kò lè ríran, kò sì mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ mọ́. Ẹ rántí àwọn awabàálù 20 ti ọdún 1954. Ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn wọn, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti dán an wò gan-an, ohun kan náà ni ó tún ṣẹlẹ̀. Mọ́tò ìbá sì ti gbé wọn dé Las Vegas kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọ̀rọ̀ ti Kobe Bryant, gbajúmọ̀ eléré bọ́ọ̀lù agbọ̀n, tún la ojú ẹni sí i. Ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 2020 ni hẹlikọ́pítà rẹ̀ kọlu òkè nínú kùrukùru ní ìtòsí Los Angeles, ènìyàn mẹ́sàn-án sì kú, ọmọbìnrin rẹ̀ wà nínú wọn. Àwọn olùwádìí wá a títí bóyá Bryant tàbí ilé-iṣẹ́ tí ó ni ọkọ̀ ni ó fi agbára mú awakọ̀ lọ. Wọn kò rí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ náà ni ó fi agbára mú ara rẹ̀, nítorí pé kò fẹ́ já ẹni ńlá tí ó gbé kulẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ nìyí, ó sì yẹ kí àwọn aṣáájú gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni ńlá kò nílò láti pariwo kí ó tó pa ara rẹ̀. Bí ó bá wo aago ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, awakọ̀ ti gbọ́. Bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń sọ létí awakọ̀ pé àwọn èrò ti kún pápá, pé ọba ìlú ti jókòó láti aago mẹ́wàá, pé awakọ̀ ti ẹgbẹ́ kejì fò lánàá nínú irú ọjọ́ yìí, wọ́n ti ń gbẹ́ kòtò fún ọ̀gá wọn láìmọ̀. Awakọ̀ náà ní ìyàwó àti ọmọ, ó sì mọ̀ pé bí òun bá ní òun kò lọ, ẹlòmíràn lè wà níta tí yóò ní òun yóò lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ti wọ ilé Yorùbá rí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2019, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tí ó jẹ́ Igbákejì Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, gba hẹlikọ́pítà lọ sí Kabba ní ìpínlẹ̀ Kogi láti polongo ìbò. Ìgbà ọyẹ́ ni, ilẹ̀ gbẹ. Bí hẹlikọ́pítà náà ti ń sọ̀kalẹ̀, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ru eruku pápá náà sókè tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ kò rí ilẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ náà lu ilẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kú. Igbákejì Ààrẹ jáde, ó sì bá àwọn ará Kabba sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Gbogbo ènìyàn dúpẹ́, wọ́n sì ṣe dáadáa láti dúpẹ́. Àmọ́ ẹni tí ó ní ìrònú yóò béèrè ohun kan: bí wọ́n bá ti fi tánkì omi kan wọ́n pápá náà ní wákàtí kan ṣáájú, ǹjẹ́ eruku ìbá ru tó bẹ́ẹ̀? Owó omi tánkì kan kò tó owó àsíá tí wọ́n ń gbé kọ́ sí ojú ọ̀nà ìlú kan ṣoṣo lọ́jọ́ ìpolongo.

Ìbò Ààrẹ ti ọdún 2019 àti ti 2023 wáyé ní oṣù kejì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé ṣírò rẹ̀: àárín ọyẹ́ gan-an ni ìpolongo ìbò Nàìjíríà ń gbóná jù. Ní oṣù yẹn ni olùdíje ń fẹ́ dé ìlú mẹ́ta lóòjọ́, ní oṣù yẹn ni àwọn pápá ilé ẹ̀kọ́ ń di pápá hẹlikọ́pítà, ní oṣù yẹn náà sì ni eruku Bodélé ń bọ̀ láti Chad. Kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú kan tí ó bọ́ nínú ẹ̀bi yìí.

A lè rí ẹni tí yóò sọ pé bàálù ńlá náà ń já. Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1973, bàálù ilé-iṣẹ́ Jọ́dánì kan tí Nigeria Airways háyà kó àwọn alálàájì bọ̀ láti Jeddah. Èkó ni ó ń lọ, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ Èkó kò gbà, ó bá yà sí Kano. Níbẹ̀, nínú ọyẹ́ àti afẹ́fẹ́ líle, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán bí ó ti ń bà, ó sì gbiná. Ènìyàn 176 ni ó ṣègbé. Títí di ọjọ́ náà, kò tíì sí bàálù kan ṣoṣo ní gbogbo ayé tí jíjá rẹ̀ pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, àwọn bàálù ńlá ti kọ́ ohun kan tí àwọn kékeré kò tíì kọ́: wọ́n ti mọ bí a ti ń yà kúrò. Ní oṣù kejì ọdún 2020, nígbà tí ọyẹ́ bo Èkó tí ẹ̀rọ ìtọ́nà ibẹ̀ kò sì tíì ṣeé lò, àwọn bàálù ilẹ̀ òkèèrè gbé èrò Èkó lọ sọ̀ sí Accra. Èrò bínú, wọ́n bú ìjọba, ó sì tọ́ kí wọ́n bú u nítorí ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n Accra ni wọ́n sùn, kì í ṣe inú igbó. Awakọ̀ bàálù ńlá lè ṣe èyí nítorí pé kò sí èrò kan nínú 250 tí ó lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láti sọ fún un pé òun ní ìpàdé. Nínú hẹlikọ́pítà, èjìká èrò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti awakọ̀.

Ẹ padà sí Niamey, nítorí pé kì í ṣe eruku nìkan ni ó wà níbẹ̀. Láti ọdún 1963 ni ilé ẹ̀kọ́ EAMAC ti wà ní ìlú náà, lábẹ́ àjọ ASECNA tí ń bójú tó òfurufú ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí ń sọ èdè Faransé; ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí ń wo ojú ọjọ́ àti àwọn tí ń darí bàálù, àwọn ọmọ Benin àti Togo sì wà lára wọn. Ibẹ̀ náà ni ACMAD wà, ibùdó ìmọ̀ ojú ọjọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1987 fún gbogbo Áfíríkà. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ lè wo àwòrán láti ojú ọ̀run kí wọ́n sì rí i pé eruku ti gbéra ní Chad, kí ó tó dé Kano rárá. Ìkìlọ̀ irú èyí, bí ó bá dé ọwọ́ awakọ̀ hẹlikọ́pítà ní Ìlọrin tàbí ní Parakou kí ó tó dáná sí ọkọ̀ rẹ̀, ó níye lórí ju ẹ̀rọ olówó ńlá lọ.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ìjà àwọn ìjọba kan ìròyìn ojú ọjọ́. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey ní oṣù keje ọdún 2023, wọ́n ti òfurufú Niger pa láti ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ títí di ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè jiyàn lórí ẹni tí ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n eruku kò gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó kọjá Maradi wọ Katsina. Orílẹ̀-èdè tí ó wà ní ìsàlẹ̀ afẹ́fẹ́ ni ó nílò ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà ní òkè afẹ́fẹ́, Nàìjíríà àti Benin sì ni ó wà ní ìsàlẹ̀. Kí Abuja àti Cotonou máa bá Niamey jà lórí ohun tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìlà tí ń gbé ìròyìn ojú ọjọ́ gé.

Àwọn kan yóò ní ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń béèrè le jù fún orílẹ̀-èdè bíi Niger. Láti Niamey dé Diffa lé ní 1,300 kìlómítà. Ọ̀nà ilẹ̀ jìn, ewu sì wà lórí rẹ̀. Bàálù kékeré ni ó ń gbé dókítà, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti aláìsàn. Bí a bá dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí eruku, ẹnìkan lè kú ní Diffa. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bàálù tí ó já kò gbé dókítà dé ibi kankan, aláìsàn náà yóò sì tún kú, pẹ̀lú dókítà tí ìbá wo ọgọ́rùn-ún ènìyàn mìíràn sàn. Ohun tí ó yẹ ni kí ìjọba fi ẹ̀rọ tí ń wọn bí ojú ti ń ríran tó, àti ẹni tí yóò máa kà á, sí àwọn pápá kéékèèké bẹ́ẹ̀, kí awakọ̀ lè mọ̀ láti Niamey bóyá ojú ọ̀nà ṣí fún wákàtí méjì lọ́sàn-án, kí ó sì lo wákàtí méjì náà. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní Nàìjíríà ńkọ́? Kí gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú, bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹgbẹ́ tí ó ni ìwé ìròyìn yìí, kọ ọ́ sínú ètò ìpolongo wọn pé awakọ̀ nìkan ni ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí pé ọkọ̀ yóò fò tàbí kò ní fò, àti pé kò sí olùdíje, gómìnà tàbí olórí àwọn ọ̀dọ̀ tí yóò bá a sọ̀rọ̀ nípa àkókò lẹ́yìn tí ó bá ti sọ pé rárá. Kí mọ́tò máa dúró nítòsí ní gbogbo ìgbà, kí ó má baà di pé yálà kí a fò tàbí kí a má dé. Kí wọ́n wọ́n omi sí pápá tí hẹlikọ́pítà yóò bà sí. Bí ìlú kẹta kò bá rí olùdíje lọ́jọ́ náà, kí alága ìbílẹ̀ dìde sọ òtítọ́ fún àwọn ènìyàn pé ojú ọjọ́ kò gbà. Àwọn àgbẹ̀ ni ó pọ̀ níbẹ̀, wọ́n mọ ọyẹ́ ju ẹni tí ó fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ, wọn kò ní bínú. Awakọ̀ tí ó kọ̀ láti fò lọ́jọ́ náà ńkọ́? Kí wọ́n má ṣe lé e lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì lábẹ́ orúkọ mìíràn, kí wọ́n sì san owó ọjọ́ náà fún un pé.